Ìṣirò Inú Ilé: Bí Àwọn Baba Ńlá Wa Ti Ń Kọ́ Ọmọdé ní Ìsọdipúpọ̀, Pínpín àti Ìdá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a kọ́ ìwé ni ó gbà pé inú ọkọ̀ òyìnbó ni ìṣirò bá dé ilẹ̀ wa. A mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa a máa ka iṣu, wọn a sì máa ka owó. Ṣùgbọ́n a rò pé ìsọdipúpọ̀, pínpín àti ìdá jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní ilẹ̀ yìí títí a fi kọ wọ́n sí ara pátákó dúdú. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ wa ní ibi títí di òní. Òun ni ó mú kí ìyá kan, tí ó ń fi orí lásán ṣírò èrè ọjà rẹ̀ láìsí ìwé àti láìsí gègé, máa wí fún ọmọ rẹ̀ pé, “Lọ bá tíṣà rẹ, èmi kò mọ ìṣirò.” Ó mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni.

Ète mi nínú ìwé kékeré yìí ni láti fi hàn pé ilé ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àti pé ẹ̀kọ́ náà wà nínú ohun mẹ́rin tí gbogbo ọmọ ń rí: orúkọ iye, owó, eré, àti pípín ohun jíjẹ. Lẹ́yìn èyí èmi yóò sọ ohun tí ó ya ilé nípa sí ilé ẹ̀kọ́, àti ohun tí baba àti ìyá lè ṣe láti so wọ́n pọ̀.

I. Ìṣirò tí ó wà nínú orúkọ iye

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ iye fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún ti gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìsọdipúpọ̀ ni ó ń pè ní ẹnu, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Ogójì ni ogún méjì. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún ni ogún márùn-ún. Ọgọ́fà ni ogún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni ogóje, ọgọ́jọ àti ọgọ́sàn-án. Nígbà tí ogún bá pé mẹ́wàá, orúkọ tuntun dé, èyíinì ni igba. Igba náà sì tún di àtẹ̀gùn kejì. Ẹgbẹ̀ta, tí í ṣe 600, ni igba mẹ́ta; ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin; ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún. Igba mẹ́wàá di ẹgbàá, tí í ṣe 2,000, a sì tún bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn kẹta: ẹgbàajì, 4,000, ẹgbàáta, 6,000, títí dé ẹgbàáwàá, 20,000, tí a ń pè ní ọ̀kẹ́ kan.

Kí olùkàwé kíyèsí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ogún mẹ́fà jẹ́ ọgọ́fà ti mọ̀ pé igba mẹ́fà jẹ́ ẹgbẹ̀fà, àti pé ẹgbàá mẹ́fà jẹ́ ẹgbàáfà. Nítorí ẹ̀fà kan náà ni ó ń dún ní ìparí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi òfo kún lórí ìwé, ọmọ ilé wa ń fi etí gbọ́ ọ.

Ìdajì pẹ̀lú wà nínú orúkọ iye. Àádọ́ta ni ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá, mẹ́wàá sì ni ìdajì ogún; nítorí náà àádọ́ta ni ogún méjì àti ààbọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí í ṣe 500, ni ẹgbẹ̀ta tí ó dín ọgọ́rùn-ún; igba méjì àti ààbọ̀ ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, tí í ṣe 5,000, ni ẹgbàáta tí ó dín ẹgbẹ̀rún. Ẹgbàá méjì àti ààbọ̀ ni. Ìgbà gbogbo ni a ń dín ìdajì àtẹ̀gùn náà, a kò sì ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan.

Èmi kò ní sọ pé ọ̀nà yìí rọrùn ní gbogbo ibi. Ọ̀ọ́dúnrún, 300, àti irínwó, 400, kò tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ wọn. Márùn-ún-dín-láàádọ́ta, tí í ṣe 45, ń béèrè iṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ kékeré: kí ó mú ogún ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ó yọ mẹ́wàá, kí ó tún yọ márùn-ún. Ó ṣòro láti fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún orí ìwé ni a dá a. Fún ọwọ́ tí ó ń ka òkìtì owó ni.

II. Owó ẹyọ

Ní ọdún 1887 ni a tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Adolphus Mann kọ nípa òǹkà Yorùbá. Ará Jámánì ni, òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S., ó sì ti gbé ní Ìjàyè kí ogun tó fọ́ ìlú náà ní ọdún 1862. Ó ṣe àlàyé bí a ti ń ka owó ẹyọ. A ó da àpò owó sílẹ̀. Ẹni tí ó ń kà á yóò jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í, yóò sì máa fi ọwọ́ fa owó náà ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún kan pé, yóò sì kó o jọ sí ọ̀tọ̀. Ọgọ́rùn-ún méjì ni yóò kó pọ̀ di igba. Nígbà náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́ yìí. Ó rí i pé márùn-ún lọ́nà ogún ni ọgọ́rùn-ún. Ó rí i pé ọgọ́rùn-ún lọ́nà méjì ni igba. Kò há a sórí kí ó tó rí i. Ojú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dì í mú. Bí owó kan bá sọnù, òkìtì kan kò ní pé, ẹ̀tàn kò sì sí níbẹ̀. Ìdáhùn tí ó ṣì kò dúró de tíṣà kí ó tó hàn.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó parí ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, sọ bí a ti ń di owó náà. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Kò sí ẹni tí ó lè gbé inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ dàgbà láìmọ̀ pé ogójì lọ́nà àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá.

Àpẹẹrẹ kan nìyí tí ó tọ́ sí wa láti rántí. Ní ọjọ́ 3 oṣù December, ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni iye rẹ̀. Ará Abẹ́òkúta tí ó bá fẹ́ ra á kò ní láti ka owó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Okùn mẹ́ta ni yóò nà. Bí a bá bi í pé ẹ̀dà mélòó ni ẹgbàá kan lè rà, kò ní láti kọ ohunkóhun sílẹ̀. Àádọ́ta okùn ni ó wà nínú ẹgbàá. Bí ó bá pín in ní mẹ́ta mẹ́ta, yóò rí mẹ́rìndínlógún, okùn méjì yóò sì ṣẹ́kù. Okùn méjì nínú mẹ́ta: ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìwé kan. Nípa bẹ́ẹ̀ pínpín, èyí tí ó ṣẹ́kù, àti ìdá pàdé lórí okùn owó ẹyọ.

III. Ọjà àti èsúsú

Ọjọ́ ọjà pẹ̀lú kọ́ ọmọ ní ìlọ́po, ó sì kọ́ ọ ní ìṣọ́ra. Àwọn baba wa a máa ka ọjọ́ tí a wà pẹ̀lú ọjọ́ tí a ń lọ. Nítorí náà ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún ni orúkọ rẹ̀ ń wí. Ọjà ìsán, tí a ń kà ní mẹ́sàn-án, ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, èyí tí í ṣe ẹ̀rin lọ́nà méjì. Ìtàdógún, tí a ń kà ní mẹ́tàdínlógún, ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, èyí tí í ṣe ẹ̀rin lọ́nà mẹ́rin. Ọmọ tí ó bá mọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò padà ti oko dé ti mọ ohun yìí, àní kí ó tó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nípa ti èsúsú, Johnson kọ̀wé pé àwọn ènìyàn a máa kó ara wọn jọ, olúkúlùkù a máa dá iye kan náà ní àkókò tí a ti dá, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá igba owó ẹyọ, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó nígbà tí ó bá kàn án ni egbèjìlá, èyíinì ni 2,400. Ẹ tún tẹ́tí sí orúkọ náà: igba méjìlá ni. Orúkọ iye náà sọ iye ènìyàn àti iye tí olúkúlùkù dá. Bí a bá sì béèrè pé apá wo nínú owó ọjọ́ náà ni ti ìyá tìrẹ, ìdá kan nínú méjìlá ni. Kò sí ẹgbẹ́ èsúsú tí ó lè dúró láàárín àwọn ènìyàn tí kò mọ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Ìjà ìbá ti tú u ká ní ọjọ́ kejì.

IV. Ọpọ́n ayò

Ní ọ̀sán, lábẹ́ igi, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà. Ọpọ́n ayò ní ojúlé méjìlá, mẹ́fà ní ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ni a ń fi sí ojúlé kọ̀ọ̀kan; nítorí náà mẹ́rìnlélógún ni ti ẹnì kan, méjìdínláàádọ́ta sì ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí a bá rán pé kí ó to ọpọ́n ti ṣe ẹ̀rin lọ́nà mẹ́fà àti ẹ̀rin lọ́nà méjìlá kí àwọn àgbà tó jókòó. Bí ọmọ ayò kan bá sọnù, òun ni a ó bi léèrè.

Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, pínpín ni iṣẹ́. Ẹni tí ó bá kó ojúlé kan yóò máa jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ojúlé dé ojúlé. Kí ó tó gbé ọwọ́ ni ó yẹ kí ó ti mọ ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, nítorí bí ó bá sọ ojúlé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń fi ìka tọ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan kí ó tó ta, òpè ni a ń pè é. Ọ̀ta ni ẹni tí ó ń fi ojú kan ka gbogbo rẹ̀. Èmi ti rí ọmọ tí ó gba òfo nínú ìdánwò ìṣirò ní òwúrọ̀, tí ó sì na àgbàlagbà ní ayò ní ọ̀sán. Orí kan náà ni ó gbé lọ sí ibi méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohun kan náà ni wọ́n.

V. Obì, ogún baba, àti ìdá

Mo dé orí ìdá nísinsìnyí, èyí tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́rù. Èmi pẹ̀lú wà nínú wọn. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, tíṣà wa bi mí léèrè níwájú gbogbo kíláàsì pé kí ni ìdajì ìdámẹ́rin. Mo dáhùn pé ìdá méjì, nítorí mo rò pé ìdajì ẹ̀rin ni ó ń béèrè. Ó nà mí, àwọn ẹgbẹ́ mi sì rẹ́rìn-ín. Mo sọkún dé ilé, mo sì pinnu pé èmi kò ní ṣe ìṣirò mọ́ láéláé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àwọn àlejò mẹ́jọ wá kí ìyá bàbá mi. Obì abàtà kan ṣoṣo ni ó kù nínú ilé. Ó pè mí pé, “Àkànní, wá pín obì yìí fún àwọn ìyá rẹ, kí ó kárí.” Mo pa obì náà, ó sì ní awẹ́ mẹ́rin. Mo dúró, mo ń wo ojú wọn. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò pín in?” Mo ní, “Ìyá, awẹ́ kò tó. Mẹ́rin ni, àwọn sì jẹ́ mẹ́jọ.” Ó ní, “Ṣé awẹ́ kò ṣeé là ni?” Mo la awẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó sì kárí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bi mí pé, “Kí ni o fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?” Mo ní, “Ààbọ̀ awẹ́ ni, Ìyá.” “Ààbọ̀ awẹ́ mélòó ni yóò pé obì kan?” “Mẹ́jọ ni.” “Ǹjẹ́ ìdá mélòó obì ni o fún wọn?” Mo ní, “Ìdámẹ́jọ.” Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ẹnu mi ni mo gbọ́ ohun tí tíṣà bi mí ní òwúrọ̀: awẹ́ ni ìdámẹ́rin obì, ìdajì rẹ̀ sì ni ìdámẹ́jọ. Ìyá mi àgbà kò mọ ìwé kà. Kò sọ ju ìbéèrè mẹ́ta lọ, kò sì gbé pàṣán.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wa tìkára rẹ̀ ni olùkọ́ tí ó dára. Ìdá wá láti inú dá, èyíinì ni kí a ya ohun kan sí apá. Nígbà tí a bá wí pé ìdámẹ́ta, orúkọ náà ti sọ fún ọmọ pé ohun kan wà, a sì dá a sí mẹ́ta. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fẹ́ sọ ohun tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń mú wá fún Olúwa, wọn kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìdámẹ́wàá ni wọ́n kọ, olúkúlùkù sì mọ iye rẹ̀.

Obì kì í sì í ṣe ohun kékeré nínú ẹ̀kọ́ yìí. Gbànja ń là sí méjì, abàtà sábà máa ń là sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó ní awẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún. Nítorí náà ọmọ tí ó ń pín obì kò lè há ìdáhùn sórí. Ó ní láti wo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá pín in láìdọ́gba, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ké sí i lójú kan náà. Ọmọdé tí kò mọ ohun mìíràn nípa ìdá mọ ìgbà tí a bá rẹ́ ẹ jẹ.

Láti orí obì ni a ń lọ sí orí ogún baba, níbi tí ìdá ti ń di ọ̀ràn ilé ẹjọ́. Ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ ni a ń kà, ìpín kan náà sì ni ti olúkúlùkù. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bímọ ni a ń kà. Ìdí kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àwọn ọmọ ìyá náà yóò sì pín in láàárín ara wọn. Ẹjọ́ kan dìde ní Èkó lórí ohun ìní ọkùnrin kan tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni a mọ̀ ọ́n sí. Ó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dájọ́ ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jùlọ.

Ẹ wo ìṣirò tí ó wà nínú irú ọ̀ràn yìí. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdámẹ́sàn-án ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdámẹ́rin ni ti ìdí kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìyá kan bí ọmọ kan ṣoṣo, ìdámẹ́rin gbogbo ohun ìní náà ni ọmọ yẹn yóò gbà. Ká ní òmíràn bí mẹ́ta, ìdámẹ́ta ìdámẹ́rin ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, èyíinì ni ìdá kan nínú méjìlá. Ẹni tí kò bá mọ ìdá yóò jókòó nínú ìpàdé ẹbí, àwọn ẹlòmíràn yóò sì pín ìní rẹ̀ fún un bí wọ́n ti fẹ́. Kì í ṣe nítorí ìdánwò nìkan ni ó fi yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

VI. Bí ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ti pínyà

Ẹ̀kọ́ ìwé bẹ̀rẹ̀ ní Badagry láàárín ọdún 1843 sí 1845. Townsend àti Crowther dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. A sì dá ilé ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Kí a má ṣe jẹ́ aláìmoore. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fún wa ní ìwé kíkọ, àti àmì iye tí ó mú kí ìṣirò gígùn rọrùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìṣirò wọn bá owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè sì ni pọ́ùn kan. Nítorí náà ọmọ ní láti há ìlọ́po méjìlá sórí. Ní òwúrọ̀ yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ lórin. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò ka owó ẹyọ ní ogójì ogójì fún ìyá rẹ̀. Ìṣirò méjì wà nínú orí kan, kò sì sí ẹni tí ó fi wọ́n mọ ara wọn.

Wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún a ń ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún. Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ẹgbàá kan jẹ́ sísì, ẹgbẹ̀rún jẹ́ tọ́rọ́, ẹgbàajì jẹ́ ṣílè kan, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì jẹ́ pọ́ùn kan. Tíṣà tí ó bá fi èyí kọ́ ọmọ ìbá ti kọ́ ọ ní ìdajì àti ìdámẹ́rin ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1904 ìjọba ka kíkó owó ẹyọ wọ ilẹ̀ yìí léèwọ̀, ó sì kúrò ní ọjà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó lọ, ohun tí ọwọ́ fi ń kọ́ iye lọ pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ iye nìkan ni ó kù ní ẹnu. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January, ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́ùn, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sì di náírà kan. Ìdí tí a fi ń há ìlọ́po méjìlá sórí lọ pẹ̀lú ṣílè, ṣùgbọ́n orin náà kò dákẹ́.

A ti dán an wò bóyá èdè wa lè gbé ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní St. Stephen's “A” School, Modákẹ́kẹ́. A fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ.

VII. Ohun tí ó kù fún àwọn òbí

Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó padà sí owó ẹyọ, tàbí kí ó kọ̀ ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a dá ọwọ́ padà fún ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fa á ní márùn-ún márùn-ún, kí ó kó o jọ ní ogún ogún, kí ó sì máa pè é: ogún, ogójì, ọgọ́ta. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn án, kí ó rí i pé ohun tí a kọ síbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó to ọpọ́n ayò, kí ẹ sì bi í pé mélòó ni yóò wà níbẹ̀ bí a bá fi márùn-ún sí ojúlé dípò mẹ́rin. Bí ẹ bá rán an lọ ra àkàrà, ẹ béèrè kí ó tó jáde pé mélòó ni owó náà yóò rà, àti pé kí ni yóò ṣẹ́kù.

Ní ti ìdá, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu tàbí obì, kí ọmọ náà sì jẹ́ ẹni tí ó ń pín in. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní èyí tí yóò kárí ní ìrọ̀rùn, bí iṣu mẹ́fà fún ènìyàn mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní èyí tí kò kárí, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀ pé a ní láti là á. Bí ó bá ṣì, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe tètè sọ ìdáhùn fún un. Ẹ béèrè pé, “Ǹjẹ́ ó kárí?” Òun ni yóò rí i.

Bí àwọn òbí bá ṣe èyí, ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní wí mọ́ pé òun kò mọ ìṣirò. Ní alẹ́ òní, bí a bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ nínú ilé yín, ẹ pe èyí tí ó kéré jùlọ nínú àwọn tí ó ti lè kà dé ogún, ẹ fi ohun kan lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì wí fún un pé kí ó pín in fún gbogbo ilé, kí ó sì sọ fún yín ìdá tí ó kan olúkúlùkù.